Gbémiga, Níbo Lo Kó Àwọn Ìkíni Tí O Gé Sí?

Ilé wa ní Odò-Àpé,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí òjò dá.

Olúwagbémiga ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn, okun àìrójú sùn tí o máa ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Patience aya rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ti òsì ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú títì, á máa ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́, iná mànàmáná tí o ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní gbé ọ. Àmín. Jọ̀wọ́, má yọ àdúrà tó wà níwájú àmín yìí kúrò o. Màá ṣàlàyé ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màámi ò fi pè mí lórí fóònù, tó wá jókòó tó ń kọ lẹ́tà bí ẹni pé ayé àwọn bàbá wa la ṣì wà. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ti gbọ́ pé ohùn èèyàn náà ṣe é gé. James tó ń tún fóònù ṣe ní Kabba ló sọ fún mi. Ó ní bí mo bá sọ̀rọ̀ títí sínú fóònù, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè yọ àárín ọ̀rọ̀ mi, á sì dà bí ẹni pé n kò sọ ọ́ rí. Ìwé ò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá gé ìwé, ojú ibi tí o gé á hàn, ẹni tó bá gbé e dání á sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fún Florence ọmọ àbúrò bàbá rẹ, tó ń kó epo lọ tà ní Abuja. Mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí o fi máa kà á tán.

Nílé níbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Iṣu tí a gbìn sí ẹ̀bá odò ti ń fà, ẹ̀gúsí ti ń rá bo ilẹ̀, kajú ọdún yìí ò fi bẹ́ẹ̀ so, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ebi ń pa. Ilé tuntun tí o kọ́ fún mi dára, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà wò ó, àfi pé yàrá tó wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ ti ń jò. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Kápẹ́ńtà ti gun òkè, ó ní òun ò rí ibi tó lu. Èmi mọ ohun tó fà á, ìwọ náà á sì mọ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ fídíò ìṣílé wa ni mo fẹ́ sọ. Fúláàṣì tí o fi rán Florence dé ọwọ́ mi láyọ̀. O ṣé, o kú iṣẹ́, ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kí gbogbo àwọn tó wá bá wa ṣílé wá wo ara wọn. Kò sí ẹni tí mo pè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí kò rí àga gbé àpótí tiwọn wá. Baba Fẹ́yìsetán olórí ẹbí wa jókòó níwájú pátápátá, ààfáà wa wà níbẹ̀, Bàbá Dúrótìmí olùkọ́ ìjọ wa wà níbẹ̀, Àsíyátù ìyá Sùlèímánì sì jókòó tì mí lórí ẹní, a jọ na ẹsẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ohun tí o fi rán kámẹ́rà lọ sókè yẹn, a rí òrùlé gbogbo Odò-Àpé láti ojú ọ̀run, kálukú ń wá ilé tirẹ̀, àwọn tí páànù wọn ti dípẹtà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí mo ti dìde sọ̀rọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó ṣílé ní ìlú yìí, tí kò kí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló máa wá jókòó sínú ilé ọ̀hún? Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Baba Fẹ́yìsetán, mo kúnlẹ̀, mo ní okun o, wọ́n dáhùn. Mo bọ́ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé ìyá mi, mo ní okun o, wọ́n dáhùn. Mo kí ààfáà, mo kí ìjọ, mo kí àwọn tó ti Kabba wá, mo kí àwọn tó fi oòrùn rìn wá láti Iyamoye, mo kí àwọn ọmọbìnrin tó pọnmi fún àwọn bíríkìlà. N kò gbàgbé ẹnì kankan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iwájú ilé ni òjìji wà, kí n tó parí ó ti kọjá sẹ́yìn.

Nínú fídíò tìrẹ, mo dìde, mo ní okun o, mo ní oúnjẹ ti dé. Ó tán. Gèlè mi dúró dáadáa nígbà tí mo la ẹnu, kí n tó pa ẹnu dé ó ti ṣẹ́ sápá kan. Florence bi mí pé ṣé òòyì kọ́ mi ni. Òjìji tó wà níwájú mi ti fò sẹ́yìn lójijì, mo sì ń fi etí aṣọ nu ojú mi, láìsí ohun tó pa mí lẹ́kún. Baba Fẹ́yìsetán wá yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní okun, okun, okun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kí wọn. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n ń kí. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà ò rẹ́rìn-ín, a kàn ń wo ilẹ̀.

Ó wá kan àdúrà. Bàbá Dúrótìmí gbàdúrà sí ilé yìí lọ́jọ́ náà, o gbọ́ ọ, láti orí ìpìlẹ̀ dé orí páànù ni wọ́n gbà á, wọ́n dárúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú fídíò, wọ́n di ojú, gbogbo èèyàn sì ní àmín. O gé àdúrà, o fi àmín sílẹ̀. Ti ààfáà náà, bẹ́ẹ̀ lo ṣe é, àwọn náà tẹ́wọ́, wọ́n sì fi pa ojú. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni pé o kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n wò ó, Gbémiga, fídíò yìí dé ní ọjọ́ Ẹtì, yàrá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ọjọ́ Àìkú. Kápẹ́ńtà lè máa wá ibi tó lu títí ọdún á fi yípo. Àdúrà orí páànù ló kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ Naomi aládùúgbò wa jáde. Ó ń jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò, ó gbé orí sókè, ó wò wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó pẹ́ níbẹ̀. O kò gé nǹkan kan nínú rẹ̀, o tún fi orin sí i. Inú Naomi dùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà oko pé ewúrẹ́ òun ló pẹ́ jù lọ nínú fídíò èmi Monica.

Wàá ní kí ló wá burú níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Etí wọn gbọ́ ọ, ẹnu wọn dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọn ò ṣe rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Baba Fẹ́yìsetán bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé mo kí àwọn. Mo ní ẹ̀yin náà gbọ́, bàbá, ẹ sì dáhùn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn dáhùn, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i náà, ẹni tí àwọn ń dá lóhùn ni àwọn ò mọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n lọ sílé, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan ò dúró jẹun, iyán tí mo ti gún sílẹ̀ fún wọn dì mọ́ abọ́.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wé gèlè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé dé ojúlé, mo ń kí wọn padà. Baba Fẹ́yìsetán ní kí n kúnlẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí. Wọ́n tún ní kí ọmọ wọn fi fóònù ká a sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé wọn ò kí àwọn. Ọmọ náà ní ó ti wọlé. Wọ́n wò ó, wọ́n gbọ́ ohùn mi, ara wọn balẹ̀, wọ́n fún mi ní obì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yí gbogbo ilé ká. Kò sí ẹni tó bá mi ṣe agídí. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ti tán pátá.

Ti Àsíyátù ni kò tán. Ìwọ náà mọ ohun tó wà láàárín wa, ṣùgbọ́n màá tún un sọ, nítorí n kò mọ èyí tí o ti gbàgbé. Nígbà tí mo bí ọ, ọmú mi méjèèjì wú, ara mi gbóná, wọ́n gbé mi lọ sí Lọ́kọ́jà. Kò sí ẹni tó rò pé màá padà. Àsíyátù ló gbà ọ́. Sùlèímánì wà lọ́mú rẹ̀ nígbà náà. Ó fi Sùlèímánì sí ọmú kan, ó fi ọ́ sí èkejì, nígbà tí mo sì padà dé, o ti sanra ju bí mo ṣe fi ọ́ sílẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún ọ nígbà tí o bàlágà pé o kò lè fẹ́ Nàíìmà ọmọ rẹ̀, pé nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tó bá mu ọmú kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kò fi ṣeré. Nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè iye ọmọ tó bí, ó máa ń ka ìwọ náà mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ ìṣílé, òun ni mo kí kẹ́yìn. Mo pè é jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójú ìlú, n kò sọ ọ́ ní gbangba rí. Mo ní ẹni tó kọ́ ilé yìí, ọmú obìnrin yìí ló mu. Ó ń sunkún, ó ń fi ìborùn nu ojú. Èmi náà ń sunkún, òun ni ẹkún tó ṣẹ́ kù sójú mi nínú fídíò. Ìwọ lo gbé kámẹ́rà dání níwájú wa.

Kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe jọ jókòó lórí ẹní, mo ń retí ibẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un pé ó ku díẹ̀. Oúnjẹ dé, ewúrẹ́ dé, orin dé, ó parí. Àsíyátù ní òun fẹ́ lọ kírun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò wọ ilé mi mọ́. Ọmọ ló ń rán wá gba ọlọ. Bẹ́ẹ̀ Sùlèímánì ti wá sọ pé bí Iléyá bá ti parí, òun máa mú un lọ sí Mìnnà, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ara rẹ̀ sì ti rù gan-an. N kò rò pé ó máa padà. Bó bá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú lọ, a ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an, Gbémiga.

Ìyẹn ló gbé mi lọ bá James ní Kabba, pé kó là mí lóye. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi fídíò ìgbéyàwó kan hàn mí. Ó ní gbogbo rẹ̀ máa ń nà sísàlẹ̀ bí ọ̀já ìpọnmọ, àwòrán abẹ fẹ́lẹ́ kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á máa wo ojú àwọn èèyàn lókè, bó bá dé ibi tí kò fẹ́, á gé ọ̀já náà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á gé e níbi tó parí sí, á tẹ nǹkan kan, àárín á lọ, ojú méjèèjì á sún pàdé ara wọn. Ó ṣe é lójú mi. Ìyàwó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, James tẹ̀ ẹ́, ìyàwó ti jókòó ti ọkọ rẹ̀. Mo ní ta ló gbé e jókòó. Ó ní kò sẹ́ni tó gbé e. Mo wá bi í pé àárín tó yọ yẹn, níbo ló lọ. Ó fi àwòrán agbọ̀n ìdọ̀tí kan hàn mí ní igun kọ̀ǹpútà, ó ní ibẹ̀ ni ohun tí èèyàn bá yọ máa ń lọ, títí ẹni tó ni ín á fi dà á nù.

N kò sọ ọ̀rọ̀ agbọ̀n yìí fún ẹnikẹ́ni nílé. Bí Baba Fẹ́yìsetán bá gbọ́ pé inú agbọ̀n ìdọ̀tí ni ìkíni wọn wà ní Abuja, wọ́n á ní kí n tún wá kúnlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o má tíì da agbọ̀n náà nù. Sọ fún Patience àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. Aránṣọ tó bá gba aṣọ lọ́wọ́ èèyàn, bó bá rán an tán, á dá àgékù rẹ̀ padà, èyí tí kò bá dá a padà, olè là ń pè é. Fídíò yìí, tiwa ni. Kó gbogbo àgékù rẹ̀ jọ, ìkíni lọ́tọ̀, àdúrà lọ́tọ̀, kí o di ti Àsíyátù sọ́tọ̀ kó má baà wọ́nú tàwọn tó kù. Mo ti fi àpò ìrẹsì kan tí mo fọ̀ dáadáa rán Florence. N kò mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n mo rò pé á gbà wọ́n. Bí ti Àsíyátù bá ti dé, màá fi lé e lọ́wọ́, kó máa gbé e lọ sí Mìnnà.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró níbí láàárọ̀, mo lọ bá Àsíyátù láti sọ fún un pé àgékù rẹ̀ ń bọ̀. Mo ti dé báyìí. N kò ní fa ohun tí mo ti kọ sókè ya, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o lè fi àpò ìrẹsì yẹn kó gàrí.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀já, abẹ, agbọ̀n. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ò bá mi bínú. Ó ní òun wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ òun mú, etí òun ò di, òun ò nílò kí tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ fún òun. Ó wá bi mí pé ṣé James sọ pé ẹni tó ń gé e máa ń wo ojú èèyàn kó tó gé e. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló sọ. Ó ní ìyẹn ni pé Gbémiga wo òun. Ó rí òun níbi tí òun ti ń sunkún, ó wò ó, ó ní èyí ò wúlò. Kò gbóhùn sókè, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ó dá òun mọ̀ ni, àbí kò dá òun mọ̀.

Gbémiga, n kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Mo sọ fún un pé o kò dá a mọ̀. Mo ní ó ti rù, ìborùn sì bo ojú rẹ̀. Mo parọ́ tàbí n kò parọ́, ìwọ lo mọ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ wò, ó ní òótọ́ ni, òun ti rù. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní kí n jókòó, ó bu ẹ̀wà fún mi kí a jọ máa ṣà á.

Ní ti owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, n kò ní ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ ẹ. Iyọ̀ ti ń tán, òróró tí mo fi ń pa orúnkún ti tán, kápẹ́ńtà náà ò gun òkè lásán. Ṣùgbọ́n ti oṣù yìí, má fi í ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò wá sílé kí Iléyá tó dé. Má gbé kámẹ́rà dání. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, ilé Àsíyátù ni kí o gbà lọ, èmi á dúró.

Ọlọ́run á sìn ọ́ wá, á sìn ọ́ padà. Iṣẹ́ rẹ ò ní dojú rú, ilé rẹ ò ní tú, ọmọ tí ẹ ń retí á dé ní ìrọ̀rùn, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tó wúlò, wọ́n á ka tìrẹ mọ́ ọn. Àmín.

Bí o bá ti mọ ọjọ́ tí o máa wá, rán Florence kó wá sọ fún mi. Àsíyátù ló bẹ̀ mí. Ó ní kí òun mọ ọjọ́ náà ṣáájú, kí òun lè ṣí ìborùn kúrò lójú, kí òun sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Monica.